Ìkòkò Wàrà Tí A Dé Pa

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lóṣù yìí kò jọ ọ̀rọ̀ owó, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ yáwó lọ́wọ́ wa láti fi ṣòwò wàrà. Ó ra mílíìkì ní gáà Fúlàní, ó ra ìkòkò, ó ra apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Ó ti máa ń rí i tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi bomubomu sí i kó lè dì. Lòun náà bá já ewé, ó gún un, ó pò ó, ó dà á sí i. Wàrà dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó korò bí ewúro. Ọjà mẹ́ta ló ná bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rà á ń dá a padà, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dá a padà, wọn kò kàn yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí owó ẹ̀yáwó kò ṣeé san, àwọn onídùúró ló san án.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: ọ̀kan nínú àwọn onídùúró náà ti ń se wàrà, ó ti lé ní ogún ọdún. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, ẹ ò wá sọ fún un pé bomubomu ọwọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù?" Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé kí n wá kọ́ ẹni tó máa gba oníbàárà mi ni?" Mo dákẹ́. Owó tí wọ́n san tán lójú mi lọ́jọ́ náà pọ̀ ju èrè wàrà ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

N kò bú wọn o. Iṣẹ́ tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nídìí ìkòkò ìyá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń dà sí títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ wàrà kíkorò kì í sọ pé wàrà lágbájá ló korò. Ohun tó máa sọ ni pé wàrà ọjà wa ti bàjẹ́, ó di ẹran tàbí ẹyin. Gbogbo wa ló pàdánù oníbàárà yẹn. Àti pé ta ló ni àṣírí ọ̀hún gan-an? Ọwọ́ àwọn ìyá Fúlàní la ti kọ́ ọ. Ká ní wọ́n dé ìkòkò wọn pa mọ́ wa, kí là bá máa dín?

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wàrà yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní wagasi. Wọ́n máa ń sè é pẹ̀lú pòròpórò ọkà bàbà, á pupa, wọ́n á sì kó o láti òkè wá sí Kùtọnu. Àwọn kan nínú yín tó ń ná ọjà ààlà mọ̀ ọ́n dáadáa, wọn kò sì sọ fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ní Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wàràkàṣì Cheddar ti ṣẹ̀, àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Joseph Harding, wọ́n bí i lọ́dún 1805, ó kú lọ́dún 1876. Òun ló to ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é lẹ́sẹẹsẹ, bí mílíìkì ṣe ní láti gbóná tó àti bí ohun èlò ṣe ní láti mọ́ tó. Kò tì í mọ́nú àpótí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ́ àwọn ará Scotland, àwọn ará Amẹ́ríkà náà sì jàǹfààní níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Henry gbé e dé Australia. Òótọ́ ni pé gbogbo ayé ló ń ṣe Cheddar báyìí, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè fi ìyẹn mú mi. Àmọ́ wọ́n ṣì ń ṣe é ní Somerset títí dòní, wọ́n sì ń rí i tà.

Èrò tèmi ni pé ohun tó bá kan ìlera olùrà kò yẹ ní títà, kò yẹ ní fífi pamọ́. Ìwọ̀n bomubomu wà níbẹ̀. Kí oje rẹ̀ má ta sójú ẹni tó ń já a wà níbẹ̀, nítorí ó lè ba ojú jẹ́. Kí mílíìkì hó dáadáa wà níbẹ̀, torí ikọ́ ife wà lára àrùn tó lè ti ara màlúù wọ èèyàn nínú mílíìkì tí kò hó. Àmọ́ iyọ̀ yín, ata yín, ọ̀nà tí ẹ ń gbà dín in tó fi ń ta sánsán, ẹ mú un dání, tiyín ni.

Láti oṣù tó ń bọ̀, ojú ewé kẹta ìwé ìròyìn wa yóò ṣófo fún ẹni tó bá fẹ́ sọ bí òun ṣe ń se tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, màá kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ìyá onídùúró wa ti gbà láti kọ́kọ́ sọ tiwọn. Wọ́n ní kí n má ṣáà béèrè ata.