Orin Àmúlùmálà Kì Í Ṣe Orin Bàjẹ́: Èsì fún Àwọn Tó Ń Wá Orin Ògidì

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin ní Ìlọrin, pé orin tó bá pa ìran orin méjì pọ̀ ti di àmúlùmálà, ìyẹn ohun tí kò ní orírun kan pàtó, àti pé ẹni tó bá fẹ́ pa àṣà mọ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé orin tí wọ́n ń pè ní ògidì lónìí jẹ́ àmúlùmálà àwọn baba ńlá, tó ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó tún rí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nílé. Dàdàkúàdà ni ewì alohùn onílù tí Ìlọrin fi ń yangàn, òun sì ni Odòlayé Àrẹ̀mú, tó papò dà ní 1997, fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nílẹ̀ Yorùbá. Abdul-Rasheed Na'Allah, onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, tọ́ka sí i pé inú iwì eégún ni dàdàkúàdà ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbilẹ̀ ní ìlú náà lẹ́yìn tí Shehu Alimi ti tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn akéwì kò da oríkì nù, wọ́n fi àdúrà àti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kún un, tó fi jẹ́ pé nínú orin kan ṣoṣo, akéwì lè ki ènìyàn dé orírun rẹ̀ kí ó tó bá a tọrọ àánú Ọlọ́hun. Bí ìdàpọ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a jẹ́ pé ọjọ́ tí àdúrà ti wọ ẹnu akéwì ni dàdàkúàdà ti bàjẹ́, kò sì sí ọmọ Ìlọrin tí yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa jiyàn pé ará ìlú kan náà ló ṣe èyí, àti pé orin tó bá kórìíra ara wọn kò lè gbé inú àwo kan. Àwo No Depression, tí ẹgbẹ́ Uncle Tupelo láti Belleville ní ìpínlẹ̀ Illinois gbé jáde ní 1990, já àríyànjiyàn yìí nírọ́, nítorí pé ó pa pọ́ǹkì àti kọ́ńtírì pọ̀. Pọ́ǹkì ni orin rọ́ọ̀kì tó ń yára, tó sì láriwo, tí àwọn ọ̀dọ́ New York àti London gbé dìde láàárín ọdún 1970 sí 1979, tí wọ́n sì fi ń tako ohun tí àgbà ń bọ̀wọ̀ fún. Kọ́ńtírì ni orin àwọn ará oko gúúsù Amẹ́ríkà, tó kún fún ọ̀rọ̀ ilé, ìjọ, ọtí àti ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n orin mẹ̀kúnnù ni méjèèjì, kò sì sí èyí tó ń béèrè ju kọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ, ìyẹn ìṣùpọ̀ ohùn tí onígìtá ń ta lẹ́ẹ̀kan náà. Uncle Tupelo kọ orin òṣìṣẹ́ tí owó kò ká lórí gìtá pọ́ǹkì, wọ́n sì kọ orin kan tí ìdílé Carter ti gbà sílẹ̀ ní 1936, tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ. Ìdàpọ̀ yìí kò pa ìkankan nínú àwọn òbí rẹ̀. Ìran orin tuntun ló bí, tí ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1995.

Kọ́ńtírì gan-an kì í ṣe ògidì. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni bánjò rẹ̀ ti wá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Hawaii sì ni gìtá onírin rẹ̀ ti wá, èyí tí olórin ń fi irin fà lórí okùn. Gìtá onírin yìí náà ni Demola Adepoju ta nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982. Ìdí tó fi bá jùjú mu hàn gbangba: bí onígángan ti ń fi apá fún ọṣán ìlù rẹ̀ kí ohùn lè gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irin náà ń yọ̀ lórí okùn, tí ohùn ń tẹ̀lé e lọ sókè sódò láìjá.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ orin àdàpọ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìdàpọ̀, ti olórin tó fẹ́ so ohun méjì pọ̀ láìkọ́ ìkankan dójú àmì ni. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá gbé kíbọ́ọ̀dù ti dàdàkúàdà, ohun tó yẹ kí àwọn àgbà bi í ni bóyá ó mọ oríkì kì, bóyá ohùn ìlù yé e, àti bóyá kíbọ́ọ̀dù náà ń gbe ewì tàbí ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá kùnà, kí wọ́n dá a lẹ́bi àìmọ̀ọ́ṣe, kí wọ́n sì rán an padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Bí ó bá yege, wọn kò ní ẹ̀sùn kankan tí wọ́n lè fi kàn án.