Etí Aṣọ Yàtọ̀ sí Inú Aṣọ



Nígbà tí ìkómọjáde àkọ́bí mi ku ọjọ́ díẹ̀, mo fẹ́ rán aṣọ tí n ó tẹ́ sórí tábìlì àlejò. Mo ti rán irú rẹ̀ kan rí. Ọ̀pá 4 ni mo rà, ìbú aṣọ náà sì jẹ́ ọ̀pá 1. Mo gé e sí méjì ọgbọọgba, mo rán ìdajì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó sì di onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá 2. Ọ̀pá 8 léèsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó yí etí rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n tábìlì gbọọrọ ni a yá fún ìkómọ, nítorí náà n kò gé aṣọ kejì rárá. Mo ní, ṣebí ọ̀pá 4 kan náà ni, léèsì ọ̀pá 8 yóò tó o. Kò tó o. Ó ku ọ̀pá 2. Nígbà tí mo fi padà dé ọjà, irú léèsì náà ti tán. Ẹ̀gbẹ́ tí léèsì kò kárí ni mo kọ sí ògiri ní ọjọ́ náà, èmi tí mo ń kọ́ ẹlòmíràn ní ìtọ́jú ilé! Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ yìí kan náà mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wálé pẹ̀lú omijé. Wọ́n ní kí ó wá ìwọ̀n etí ọgbà kan, ó sọ gígùn àti ìbú di púpọ̀. Wọ́n ní kí ó wá ìwọ̀n inú rẹ̀, ó ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ọ̀rọ̀ líle ti dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ohun tí ó rú ìyá lójú ni ó rú ọmọ náà lójú.

Mo pa ìwé náà dé, a sì jókòó sórí ẹní. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ẹyọ ìgbálẹ̀ 26 tí gígùn wọn dọ́gba. Ẹ gé páálí 12 ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni ọgbà adìyẹ. Páálí ni ilẹ̀ tí adìyẹ yóò dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ ní ẹyọ ìgbálẹ̀ 12 péré. Kí ó fi wọ́n ṣe ọgbà tí ó gùn ní 5, tí ó sì fẹ̀ ní 1: páálí 5 ni yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ 4 sí 2, yóò gba 8. Bí ó bá jẹ́ 3 sí 3, yóò gba 9. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kò lé, kò dín, síbẹ̀ ilẹ̀ adìyẹ ń pọ̀ sí i.

Ẹ wá kó páálí 12 fún un, kí ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ yí wọn ká. Bí ó bá tò wọ́n ní 4 sí 3, yóò lo ẹyọ 14. Ní 6 sí 2, yóò lo 16. Bí ó bá tò wọ́n lọ gbọọrọ ní ìlà kan, yóò lo gbogbo 26. Kí ó tó kà á nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í ní iye tí ó rò pé yóò jẹ́. Ẹ má ṣe sọ ìdáhùn fún un.

Ohun tí ó yí i ká ni àwọn olùkọ́ ń pè ní pẹrímítà. Ààyè inú rẹ̀ ni éríà. A ń ro ti àkọ́kọ́ pọ̀ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ni à ń rìn yí i ká. A ń sọ ti èkejì di púpọ̀ nítorí pé ìlà páálí bíi mélòó kan ni ó wà níbẹ̀, iye kan náà sì ni ó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a ṣe é tán, mo sọ ìtàn léèsì mi fún un. Ó to páálí 4 ní ìlà kan, ó ka etí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ọ̀pá 10 ni ẹ bá ti rà!"

Ó di oṣù tí ń bọ̀.