Ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni ọjà ń sún lọ

Ní oṣù kìíní ọdọọdún, èrò máa ń kún ìlú Ouidah bámúbámú. Àsìkò àjọ̀dún Vodun ni. Láti ọdún 2024 tí ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti sọ ayẹyẹ náà di Vodun Days, tí ó sì ń gbà ju ọjọ́ kan lọ, òkìkí rẹ̀ ti kàn dé òkè òkun. Àlejò ń ti Kútọnu wá, wọ́n ń ti Àjàṣẹ́ wá, wọ́n ń ti Togo àti Nàìjíríà wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ kò ṣeé ká sápò bí aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi dúró sí. Ta ni yóò pèsè ibẹ̀? Ṣé ọ̀fẹ́ ni yóò jẹ́, àbí owó? Bí ó bá jẹ́ owó, àpò ta ni owó náà yóò wọ̀?

Àwọn ìlú etí òkun ní ilẹ̀ Faransé ti ń bá ìbéèrè wọ̀nyí yí ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìtàn rẹ̀ lè la ojú ẹni tí ó ń gbé ní etí òkun Bẹ̀nẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Mont-Saint-Michel. Àwọn ará Faransé ń pè é ní Mọ̀n Sẹ̀n Mìṣẹ́ẹ̀lì.

Àpáta ńlá kan ni, tí ó dá dúró nínú òkun ní agbègbè Normandie. Ilé ìjọsìn àtijọ́ kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀, èyí tí àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì kọ́. Ní ìsàlẹ̀, ọ̀nà tóóró kan wà tí ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ní ọdún 1979, àjọ UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn tí ó ń gbé orí àpáta náà kò ju nǹkan bí 30 lọ. Kíláàsì kan ṣoṣo ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú Kétu lè kún jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń lọ wò ó lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní láti dúró kí omi òkun fà sẹ́yìn. Ní ọdún 1879, wọ́n parí ọ̀nà kan tí wọ́n fi òkúta àti yẹ̀pẹ̀ mọ la inú omi já. Nígbà tí mọ́tò wá dé, ọ̀nà náà di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkọ̀ ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì ń tò sí orí iyanrìn lábẹ́ odi ìlú. Bí òkun bá fẹ́ kún gan-an, wọn a kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ wọn kí omi tó bò ó. Èyí rọrùn fún àlejò, ó sì dára fún ọlọ́jà: bí ẹnì kan bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ó bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí, àti àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ènìyàn ṣe sí odò tí ó wà nítòsí, kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ, rí ọ̀nà bọ̀. Ẹrẹ̀ ń kó jọ. Koríko ń hù níbi tí òkun wà tẹ́lẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí àpáta inú òkun di àpáta inú pápá. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá láti dá omi padà. Wọ́n parí ìdènà omi tuntun kan lórí odò Couesnon ní ọdún 2009, kí ó lè máa fi agbára omi gbá ẹrẹ̀ lọ sí òkun. Wọ́n kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ṣí ní ọdún 2014, wọ́n sì wú ọ̀nà àtijọ́ náà kúrò. Gbogbo rẹ̀ ná wọn ní owó tí ó súnmọ́ 200 mílíọ̀nù yúrò, ìyẹn nǹkan bíi 130 mílíàdì fránkì sẹ́fà.

Kò sí ẹni tí ó lè bínú pé òkun padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ó dá ìjà sílẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, wọ́n lé ọkọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ àpáta. Wọ́n ṣí ibi ìgbọ́kọ̀sí tuntun sí orí ilẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà méjì ààbọ̀ sí ibẹ̀. Ó gba nǹkan bí 4 000 ọkọ̀, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ni wọ́n sì gbé àbójútó rẹ̀ fún. Owó ọkọ̀ kékeré kan jẹ́ yúrò 8,50, ìyẹn nǹkan bíi 5 600 fránkì sẹ́fà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó di yúrò 12, nǹkan bíi 7 900 fránkì. Bọ́ọ̀sì wà tí ó ń gbé àlejò lọ sí ẹsẹ̀ àpáta, owó rẹ̀ sì ti wà nínú owó ìgbọ́kọ̀sí. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà náà wà fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìkankan nínú wọn lè fi ẹsẹ̀ rìn.

Kí ni èyí yí padà nínú ìgbésí ayé àwọn ará ibẹ̀? Owó tí àlejò san ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n àkókò tí ó sọnù ṣe pàtàkì ju owó lọ. Àlejò tí ó ní wákàtí mẹ́ta láti lò, tí ó sì lo wákàtí kan nínú wọn lórí ìdúró, bọ́ọ̀sì àti ìrìn ẹsẹ̀, kì í dín àkókò tí yóò fi wo ilé ìjọsìn kù. Ohun tí ó tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Ìjókòó jẹun àti rírajà ni yóò dín kù. Àwọn ọlọ́jà orí àpáta ké gbàjarè pé ọjà àwọn kò yá mọ́. Ní alẹ́, ó burú jù. Ta ni yóò san yúrò 12 kí ó tó jókòó jẹ oúnjẹ alẹ́? Nígbà tí ó yá, wọ́n gbà kí ìgbọ́kọ̀sí alẹ́ di ọ̀fẹ́. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti rò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó ń gbálẹ̀, ẹni tí ó ń fọ abọ́: ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kì í gbé orí àpáta. Láti abúlé àyíká ni wọ́n ti ń wá lójoojúmọ́. Fún àlejò, bọ́ọ̀sì náà jẹ́ ìnira ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Fún òṣìṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, ní òjò àti ní òtútù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìjọsìn náà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìrìnnà yìí. Àsìkò tí àlejò pọ̀ jù lọ ni wọ́n mú.

Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ náà wà níbi kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọ́kọ́ kíyè sí: ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibùdó bọ́ọ̀sì kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àlejò ní láti rìn tó nǹkan bíi kìlómítà kan kí ó tó rí bọ́ọ̀sì wọ̀, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, pẹ̀lú àgbàlagbà. Ojú ọ̀nà náà gba iwájú àwọn ilé ìtura àti ilé ìtajà kan kọjá. Olórí ìlú nígbà náà, ẹni tí ó jẹ́ oníṣòwò ńlá níbẹ̀, ní ìpín nínú wọn. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Adájọ́ sọ pé olórí ìlú ti da ire ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìlú, ó sì bu owó ìtanràn lé e. Wọ́n sì gbé ibùdó bọ́ọ̀sì súnmọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ agbára tí ibi ìgbọ́kọ̀sí ní hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá yan ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí àti ibi tí ènìyàn yóò gbà kọjá ti yan ẹni tí yóò tajà àti ẹni tí yóò di ọjà rẹ̀ gbé sílé. Kò ní láti lé ẹnikẹ́ni; ẹsẹ̀ àlejò ni yóò ṣe é fún un.

Ní ti owó, òfin Faransé ti yí padà láti ìgbà náà. Kí ó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018, ẹni tí kò bá san owó ìgbọ́kọ̀sí ní òpópónà máa ń san ìtanràn yúrò 17, iye kan náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu iye tirẹ̀. Òfin sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi owó náà ṣe: kí wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ ìrìnnà ará ìlú ṣe. Apá kejì yìí ni ó yẹ ní kíkọ́, ju iye owó lọ.

Ouidah kì í ṣe Mont-Saint-Michel. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀, àwọn tí kò ní ọkọ̀ sì pọ̀ ju àwọn tí ó ní lọ. Ṣùgbọ́n láti àárín ìlú dé Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ sí etí òkun ní ọdún 1995, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin ni. Ìjọba ń kọ́ àwọn ohun ńlá síbẹ̀ nítorí àlejò. Bí ọkọ̀ bá ń pọ̀ sí i, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò dábàá pé kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró lọ́nà jíjìn, kí wọ́n sì gba owó. Àbá náà lè dára. Etí òkun tí ọkọ̀ bò kò wu ẹnikẹ́ni í wò.

Iye owó ni ìṣòro àkọ́kọ́. Láti ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí jẹ́ 52 000 fránkì. Ẹni tí ó ń gba iye yẹn, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ń rí 2 000 fránkì lóòjọ́. Iye tí Mont-Saint-Michel gbà ní ọdún 2013 tó owó iṣẹ́ rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Ìdílé tí ó ti Àjàṣẹ́ wá fún ìgbafẹ́ ọjọ́ kan kò lè san án bí ará Faransé ṣe ń san án. Ìṣòro kejì ni ti àwọn ọlọ́kọ̀ zemidjan. Bí wọ́n bá gbà wọ́n láàyè láti gbé èrò láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé etí òkun, iṣẹ́ tuntun dé nìyẹn. Bí àdéhùn bá sọ pé bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa gbé wọn, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé àdéhùn ni yóò pinnu rẹ̀, ìwé náà sì sábà máa ń jẹ́ èdè Faransé tí olùfọwọ́sí nìkan ń kà.

Lórí àwòrán iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ ń yà, ibùdó bọ́ọ̀sì kì í ju àmì kékeré kan lọ. Bí wọ́n bá tẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níwájú ará ìlú, àmì náà ni kí obìnrin tí ó ń ta àgbọn àti ẹja díndín ní etí òkun kọ́kọ́ wá. Kí ó béèrè bí ó ṣe jìnnà tó sí àtẹ rẹ̀, àti ilé ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.