Ẹ Má Fi Gbèsè Ṣe Sàráà

Àwọn kan wà ní ìlú Ìlọrin tí wọ́n ti sọ mọ́sáláṣí àti ilé ọmọ aláìlóbìí di ààtàn. Ilẹ̀ tí ẹbí ń jà lé lórí, ilé tí a kò san owó ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́: bí ó bá ti sú wọn, wọn a ní àwọn fi ṣe sàráà. Irọ́ ni. Ẹrù ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ìwà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè ra ẹ̀tọ́ láti lo ilé ìgbafẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún. Timeshare ni wọ́n ń pè é. Bí ó lò ó, bí kò lò ó, dandan ni kí ó máa san owó ìtọ́jú rẹ̀. Nígbà tí kò bá rí ẹni rà á, a wá àjọ aláàánú tí yóò gbà á. Ní ọdún 2015, ìjọba ibẹ̀ pe agbẹjọ́rò kan ní Ìpínlẹ̀ Montana lẹ́jọ́, pé wọ́n ń bu iye gọbọi lé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kí owó orí olùtọrẹ lè dínkù. Ilé ẹjọ́ fòfin de iṣẹ́ náà.

Àwa kò nílò ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kí a tó mọ̀. Súrátù Bàkárà, ẹsẹ 267, ti kọ̀ fún wa láti fi ohun tí àwa fúnra wa kò ní í fẹ́ gbà tọrẹ. Ilẹ̀ Khaibar tí Umaru ọmọ Khatab fi sílẹ̀ ni ohun ìní tó níye lórí jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí ó mú ilẹ̀ náà dúró, kí ó máa fi èso rẹ̀ tọrẹ. Ohun tí wákàfù jẹ́ nìyẹn. Èso ni a ń pín fún tálákà, a kì í pín gbèsè.

Ẹnìkan lè wí pé ohun tí kò wúlò fún òun lè wúlò fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Aṣọ tó ti kéré sí ọmọ rẹ lè bo ọmọ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í béèrè owó lọ́dọọdún. Abala 22 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ rẹ̀ tó lè bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Lémọ́mù tí ó gba ìwé lásán, wàhálà ni ó gbà. Bí àwọn ajogún bá sì dìde, owó tí àwọn ìyá aláte sọ sínú àpótí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni a ó kó fún agbẹjọ́rò.

Ẹ̀yin olùtọrẹ, ẹ san gbèsè orí ilẹ̀ náà, ẹ parí ìjà ẹbí, ẹ gba ìwé rẹ̀ pé, kí ẹ tó gbé e wá. Bí èyí bá nira, ẹ tà á fúnra yín, kí ẹ mú owó rẹ̀ wá. Bí ẹ kò bá sì rí ẹni rà á, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé lé ọmọ aláìlóbìí lórí. Ẹ̀yin lémọ́mù àti alábòójútó, kíkọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kọ̀ ọ́.