Ọkọ̀ Wo Ni Ká Wọ̀ Lọ sí Abẹ́òkúta?

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ti Èkó lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la bá dé. Ọ̀nà mọ́tò méjì ló wà. Èyí tó gba Sango Ọ̀tà àti Ìfọ̀ ló yá jù lójú, àmọ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Sango, ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tó gba Ṣàgámù àti Kóbapẹ́ jìnnà díẹ̀.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń kó èrò láti Èbúté-Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn, tó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Lójú tiwa, òun ló dáa jù ní àlọ. Kò sí kòtò, kò sí gó-siló, èèyàn tiẹ̀ lè sùn. Ṣùgbọ́n Ládérìn ló ń já yín sí o, kì í ṣe ẹnu ọjà! Ẹ ó tún wọkọ̀ míì kí ẹ tó dé Ìtòkú. Àwọn tó wá gun Òkè Olúmọ, báàgì kékeré ni wọ́n gbé, kò ni wọ́n lára. Àwa tí a di ẹrù ńkọ́?

Ìdí nìyí tí a ò fi fara mọ́ kí oníkálukú máa dá bọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú ẹrù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ní márùn-ún, mẹ́fà, ká jọ háyà bọ́ọ̀sì kan ní Ìtòkú, kó gbé wa délé tààrà kílẹ̀ tó ṣú. Kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa sì kọ̀wé sáwọn rélùwéè pé a fẹ́ bọ́ọ̀sì láti Ládérìn dé ọjà.