Àpò ni à ń rà, kì í ṣe ìrẹsì

Nígbà ìsinmi tó kọjá, obìnrin kan dúró ní ìsọ̀ màmá mi ní ọjà Agósásà. Ó bu ìrẹsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó wá òkúta títí, kò rí. Ó ní kí wọ́n wọn kóńgò mẹ́ta fún òun. Àfi ìgbà tó béèrè pé, "Màámi, ti Kútọnu ni àbí?" Màmá mi ní rárá, ti ilẹ̀ wa ni. Obìnrin náà gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó kọjá.

Kí ló yí padà nínú ìrẹsì yẹn?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọn kì í gbin ìrẹsì tí à ń pè ní "Kútọnu" sí Kútọnu. Thailand àti Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ọkọ̀ ojú omi ló ń já a sí èbúté, kí àwọn onífàyàwọ́ tó gbé e gba inú igbó wọ ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí àwọn ará Benin fúnra wọn ń gbìn ní Malanville, lẹ́bàá odò Ọya, a kì í béèrè rẹ̀. Orúkọ èbúté lásán là ń sanwó lé lórí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí epo má dé ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Kò sẹ́ni tó máa sọ ìyà yẹn fún àwa ará ìpínlẹ̀ Ògùn létí ibodè. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i kí Ìdíìrókò ṣí padà. Síbẹ̀ ẹnu wa kò yí padà. Àpò òfìfo tí wọ́n kọ orúkọ òkèèrè sí lára di ọjà: àwọn kan ń rọ ìrẹsì ilẹ̀ wa sínú rẹ̀, wọ́n ń rán an, ẹni tó rà á sì ń yìn ín.

Ẹ ó ní ìrẹsì wa máa ń ní òkúta. Òótọ́ ni, eyín tèmi náà ti jẹ́rìí sí i. Kí àgbẹ̀ àti ọlọ́lọ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n obìnrin ọjọ́ yẹn kò rí òkúta kankan.

Ẹ wo ìrẹsì Ọ̀fàdà, ti ìpínlẹ̀ wa níbí. Kò funfun, òun náà sì ti lókùúta rí. Lónìí, wọ́n ń fi ewé dì í níbi ìnáwó l'Ékòó, ó sì ń wọ́n ju ti òkèèrè lọ. Ìyẹn ni pé ahọ́n wa lè kọ́ ẹ̀kọ́.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. A kì í wo bàtà Aba lẹ́ẹ̀mejì àfi tí wọ́n bá lẹ "Made in Italy" mọ́ ọn. Tí àṣírí bá tú, a ó máa pe aránbàtà ní onírọ́. Ta ló kọ́ ọ nírọ́? Àwa tí à ń rà ni.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ra ọjà tí kò dáa nítorí ìlú. Ẹ wo ọjà kí ẹ tó béèrè ibi tó ti wá. Bó bá dáa, ẹ san owó rẹ̀. Bí kò bá dáa, ẹ sọ fún ẹni tó ṣe é.

Àpò òfìfo kan wà ní ìsọ̀ màmá mi, Thailand ni wọ́n kọ sí i lára. Àwọn alájàpá ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Kò tíì lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó lò ó.