Ẹ Má Fi Irọ́ Kún Ọ̀rọ̀ Ifá

Ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí síbi àpérò kan pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí Ifá. Mo dìde, mo sì là á mọ́lẹ̀ pé òyìnbó ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leibniz ló jí ìṣirò Ifá wa kó, pé òun ni wọ́n fi ṣe kọ̀ǹpútà. Àtẹ́wọ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà! Inú mi dùn, mo ń yan. Ìgbà tí a ń jẹun ni olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì wá jókòó tì mí. Ó ní, "Bàbá Awo, ẹ má bínú o. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Leibniz rí Ifá?"

Orí fóònù ni mo ti kà á. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọkà tó wà níwájú mi kò lọ lọ́fun mọ́.

Bàbá yìí kò dójú tì mí o, ó ṣàlàyé ni. Ó ní láti ọdún 1679 ni Leibniz ti ń kọ̀wé lórí bí èèyàn ṣe lè fi òdo àti oókan nìkan ka gbogbo iye. Ọdún 1703 ló gbé e jáde ní èdè Faransé, ó sì dárúkọ àwọn àmì àtayébáyé ilẹ̀ Ṣáínà nínú rẹ̀, nítorí pé àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan tó wà lọ́hùn-ún, Bouvet, ti kọ lẹ́tà sí i nípa wọn. Kò dárúkọ Ifá níbẹ̀ rárá. Èmi tí mo ń bú u ní olè ni mo pa irọ́ mọ́ òkú.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé n kò nílò irọ́ náà. Ẹ gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, ẹ wò ó. Ẹyọ èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú, ó sì lè dojú dé, kò sí ẹ̀kẹta. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni, ọ̀nà méjì ló lè gbà balẹ̀. Ẹyọ méjì, ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò máa lé sí i: 8, 16, 32, 64, 128, títí tí ẹyọ kẹjọ yóò fi mú un dé 256. Iye Odù Ifá gan-an nìyẹn, Ojú Odù mẹ́rìndínlógún àti àmúlù 240. Kò ṣẹ́ kù, kò lé. Ọmọ tó wà ní ìwé kẹfà lè fi bébà ṣe é kó sì bá a bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò fi kálàmù kan bébà ló tò ó, tí wọ́n sì kó ẹsẹ̀ Odù kọ̀ọ̀kan sórí.

Kọ̀ǹpútà náà ń lo àyè mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní byte. Òdo tàbí oókan ló máa ń wà nínú àyè kọ̀ọ̀kan, 256 sì ni tiwọn náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mẹ́jọ fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ System/360 jáde lọ́dún 1964 ló tó di àṣà. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ṣáájú rẹ̀ ń lo mẹ́fà. Bí èmi àti ará Jámánì bá ka ìka ọwọ́ wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, márùn-ún ni kálukú yóò bá. Ta ló jí ti ta?

Ẹ jẹ́ kí n fi méjì mìíràn kún un, nítorí wọ́n dùn mọ́ mi.

Owó ẹyọ tí àwọn ọlọ́rìṣà ń dà, mẹ́rìndínlógún ni à ń pè é, ìyẹn ni pé a mú mẹ́rin kúrò nínú ogún. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé e dání. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é títí dòní ni diloggún. Ẹ pè é síta, ẹ ó gbọ́ "dínlógún" nínú rẹ̀. Ó dín ní ogún, wọn ò sọ iye tó fi dín mọ́! Mẹ́rin ti já sómi òkun.

Èkejì ni ti ikin. Ojú mẹ́ta ni èkùrọ́ lásán sábà máa ń ní. Ikin tí àwa ń wá, ojú mẹ́rin ló ní, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pẹ Ifá náà yàtọ̀, ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, kò ya bíi ti ọ̀pẹ yòókù. Onímọ̀ ewéko ará Faransé kan, Auguste Chevalier, rí ìyàtọ̀ yìí, ó sì fún un lórúkọ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì: idolatrica. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ti abọ̀rìṣà ni. Ẹ sáà wò ó, abọgibọ̀pẹ tí wọ́n fi ń bú wa ni wọ́n wá fi sọ ọ̀pẹ lórúkọ. Èyí kì í ṣe irọ́ orí fóònù o, ó wà nínú ìwé wọn. Tí a bá fẹ́ bá òyìnbó jà, ibi tí ẹjọ́ wà nìyí.

Ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín ní ohun tí olùkọ́ yẹn bi mí: níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ọmọ tó bá gbọ́ irọ́ kan lẹ́nu wa, tó sì wá a lọ tí kò bá a, báwo ni yóò ṣe gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá ń ki Ogbè Méjì fún un?

Wọ́n tún ti pè mí sí àpérò náà lọ́dún yìí. Mo ti ní kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí bàbá olùkọ́ yẹn, kí wọ́n fún un ní àga níwájú. Ọ̀rọ̀ Leibniz ni mo máa kọ́kọ́ tún sọ, kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.